Fọ́ọ̀mù Ọ̀gá Bọ́lárìnwá

“Ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí i níbí yìí, tíṣà.”

Ọ̀gá Bọ́lárìnwá na fọ́ọ̀mù sí Julianah lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀ ní Ìwàrà. Julianah gbọ́ “ẹ” yẹn dáadáa. Nígbà tí ọkùnrin yìí jẹ́ hẹ́dímásítà rẹ̀ ní Òkè-Fìà, “ìwọ” ló máa ń pè é.

Ó ka fọ́ọ̀mù náà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ló ní láìpẹ́ òun yóò máa ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dé gbalasa òfurufú. Wọ́n fẹ́ fi ìbò mú ẹnì kan lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti bá onítọ̀hún ṣiṣẹ́ rí ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i.

“Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbọ́ pé mo fẹ́ lọ,” ni bàbá náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ọ̀la ni fọ́ọ̀mù yìí gbọ́dọ̀ kúrò ní Òṣogbo.”

“Ẹ dúró díẹ̀, sà.”

Julianah yọ ìwé kan nínú Bíbélì rẹ̀. Kúẹ̀rì tí ọ̀gá yìí kan náà kọ sí i lọ́dún 1992 ni: pé Julianah ń kọ́ àwọn ọmọ nírọ́, pé lọ́jọ́ kan àwọn èèyàn lásán yóò máa sanwó wọkọ̀ lọ sí òfurufú bí ẹni ń lọ Ìbàdàn. Kí ó fèsì láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Ó fèsì. Wọ́n sì gbé e wá sí Ìwàrà. Mọ́tò ló ń dúró dè ní Ìwàrà yìí lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú ní Òkè-Fìà.

“Ẹ kọ èsì tiyín sí i, sà. Ta ló ń purọ́?”

Òógùn bo bàbá náà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, ó kọ ọ́ pé irọ́ kọ́ ni, òun lòun jẹ̀bi. Ó buwọ́ lù ú. Inú Julianah dùn, kí n má purọ́. Ó ká ìwé náà padà sínú Bíbélì.

“Fọ́ọ̀mù mi ńkọ́?”

“Mo ti rí i, sà. Ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí méjìdínláàádọ́ta.”

“Julianah, ọ̀la ni mo wí.”

“Mo gbọ́, sà.”

Bàbá náà gba fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ká a, ó lọ.

Kàósárà, olùkọ́ kíláàsì kejì, yọjú. “Ta ni bàbá yẹn?”

“Èrò ni,” ni Julianah dáhùn, ó ń mú ṣọ́ọ̀kì. “Mọ́tò ti fi í sílẹ̀.”