Ọjọ́ Tí Gbogbo Tánkì Kún ní Nakkasah

Bí àkókò Hájì bá ti ń sún mọ́lé ní Mẹ́kà, omi ni àwọn ará òkè Nakkasah máa ń kó pamọ́. Bí àlejò bá ti wọ̀lú tán, ọkọ̀ omi kì í rántí tálákà mọ́. Àwọn ilé ìtura olówó ní ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Lọ́dún yẹn, gbogbo tánkì onírin orí òrùlé ló kún dé ẹnu.

Sherifat ń fọ ìrẹsì lórí òrùlé nígbà tí Jelilat, aládùúgbò rẹ̀, yọjú láti ilé kejì.

"Ìyá Naheem, ìrẹsì yẹn ò tíì mọ́ ni? Ayé yẹ ẹni tó fẹ́ atúntánkìṣe!"

"Èwo ló yẹ mi ńbẹ̀? Àtàárọ̀ ló ti ń dí tánkì Mabruka lókè lọ́hùn-ún. Ó jọ pé ó fẹ́ fi ṣe ìyàwó kejì."

Jelilat bú sẹ́rìn-ín. Lójijì, ẹ̀rín náà dúró. "Yéè! Wo ìsàlẹ̀!"

Àwọn jawasáàtì, ọlọ́pàá tí í yẹ ìwé ìgbélùú wò, ń gun àtẹ̀gùn bọ̀.

Ilé tó bá kọ́kọ́ rí wọn ló yẹ kó fi irin lu tánkì, kí ilé tó tẹ̀ lé e gbà á, títí ìró á fi dé téńté òkè, kí àwọn tí kò níwèé lè tètè sá. Sherifat ní ìkámà, ìwé ìgbélùú náà, lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Abdulrafiu ọkọ rẹ̀ bá Hájì wá ni, kò padà sílé mọ́, kò sì níwèé kankan. Bí wọ́n bá mú un, Jẹ́dà ni wọ́n ń gbé e lọ, ó di inú bàálù.

Sherifat gbé irin, ó lu tánkì. Gbì. Ó tún lù ú. Gbì.

"Wọ́n ti lù ú nísàlẹ̀," ni Jelilat wí. "Omi ló gbé ìró rẹ̀ mì."

Sherifat ṣí ẹ̀rọ ìdí tánkì sílẹ̀ gbayawu. Tánkì tó bá ṣófo á dún. Omi ya lu òrùlé, ó dà sórí àtẹ̀gùn.

"Omi ń ṣòfò o!" lẹnì kan ké láti ilé òkè. "Tánkì ti bẹ́! Ẹ pe Abdulrafiu!"

Ariwo náà ń fò láti òrùlé dé òrùlé. Tọmọdé tàgbà gbé garawa, wọ́n ń sáré sọ̀kalẹ̀. Tánkì ti ń dún wàyí, gbán-ùn, gbán-ùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ láàárín garawa?

Sherifat rí ọkọ rẹ̀ láàárín wọn, sípánà lọ́wọ́, ó ń fo àtẹ̀gùn bọ̀.

"Bàbá Naheem! Padà! Padà!"

"Fi àkísà dí i!" ló ń dáhùn. "Mo ti dé!"

Lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ọlọ́pàá méjì dúró sínú omi, wọ́n ń wo ẹni tó ń sáré bọ̀.