Ọmọlángidi Ìyàwó Méjì

"Kí ni irunmú ń wá lókè ètè mi?" Maricruz bi Ọ̀gá Crisóforo tó ṣe ọmọlángidi náà.

Ọmọlángidi ńlá méjì fara ti ògiri ọgbà ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ so Maricruz àti Eufrosina pọ̀ ní ìgbéyàwó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju ilẹ̀kùn lọ, ó sì ní igi nínú tí ẹni tó bá wọ abẹ́ aṣọ rẹ̀ á fi gbé e jó. Àwọn ni wọ́n máa jó ṣáájú títí dé ilé ìyá Maricruz, bí wọ́n ti ń ṣe níbi ìgbéyàwó gbogbo ní Oaxaca, ní Mẹ́síkò. Ọ̀kan jọ Eufrosina bí ìbejì, títí kan àmì dúdú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èkejì jọ Maricruz, ṣùgbọ́n kóòtù ló wọ̀, ó sì ní irunmú.

"Ìyàwó méjì la sọ fún yín, ọ̀gá. Ojú wa la ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mo kọ ọ́, ọmọ mi." Baba náà ò wo ojú rẹ̀. "Àwọn tó máa gbé e ló ní àwọn ò ní wọ abẹ́ ìyàwó méjì. Mo wá tún un ṣe díẹ̀. Ojú ẹ ṣì ni, àbí?"

"Ojú mi kọ́ nìyẹn!"

Láti kékeré tó ti ń bá bàbá rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe ni àdúgbò ti ń pè é ní Bọ̀dá Maricruz. Àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ti tò sí ẹ̀bá ọ̀nà báyìí. Bí ohun yìí bá fi lè jáde, ẹ̀fẹ̀ wọn á di òótọ́, lójú ìyá rẹ̀, lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Wenceslao, ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ gbé e, rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá Maricruz, ó mà yẹ yín o!"

"Tìẹ dà?" Eufrosina dá a lóhùn. "Ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ètè ń dán bí ẹyin."

Àwọn onífèrè tó máa fọn fún ijó náà bú sẹ́rìn-ín. Maricruz kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi onírunmú sílẹ̀ níbí. Ti Eufrosina nìkan ló máa jáde."

"A ò gbé ìkankan nìyẹn," Wenceslao káwọ́ gbera. "Ẹ lọ wá ẹni tó máa gbé e. Ẹrù obìnrin kọ́ o."

Eufrosina fa Maricruz lápá. "Jẹ́ ká kúkú máa rìn lọ, olólùfẹ́ mi. Ká má jó mọ́."

"Ká yọ́ gba àdúgbò mi kọjá bí ẹni tó jalè?"

Maricruz mú sísọ́ọ̀sì nínú àpò Ọ̀gá Crisóforo, ó sì gé aṣọ ọmọlángidi Eufrosina láti àyà dé ìsàlẹ̀.

"Yéè! Iṣẹ́ ọwọ́ mi!"

"Ẹ máa tún un ṣe, ọ̀gá. Ẹ kúkú mọ àtúnṣe."

Maricruz wọ abẹ́ ọmọlángidi náà tòun ti aṣọ ìyàwó funfun tó wọ̀. Igi náà jẹ ẹ́ léjìká. Ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó dúró.

"Ṣé wọ́n á rí mi?"

Eufrosina fa etí aṣọ tí wọ́n gé náà sí ọ̀tún àti sí òsì, kí ojú Maricruz lè hàn. "Wọ́n á rí ẹ. Má ṣáà wó lù mí."

"Ẹ fọn ún," Maricruz sọ fún àwọn onífèrè, ó sì gbé ẹsẹ̀ sí títì.