Talaq Lórí Pátákó

Kì í ṣe pé Hadiyyah ìyàwó rẹ̀ ń na Salman nínú eré Scrabble ló ń dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé bó bá nà án tán, á ní, "Ẹ kú ìyà o, Bàbá Raudah," bí ẹni tó ń kí ẹni tí òjò pa.

Lẹ́tà Q ló ń kó bá a jù. Bó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò rí U fi tẹ̀ lé e, á kàn máa wò ó bí ẹni ń wo àlejò tí kò fẹ́ lọ. Àfìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Tanke là á lóye pé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ní Q láìní U, àti pé ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni òyìnbó ti yá púpọ̀ nínú wọn. Qadi, adájọ́. Faqir, tálákà. Talaq, ìkọ̀sílẹ̀. Salman lu itan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ẹgba kọ́ òun nílé kéwú ni!

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àlásárì, wọ́n tẹ́ pátákó sí pálọ̀. Hadiyyah ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán nígbà tí Salman rí àyè ibi tí máàkì ti ń di ìlọ́po mẹ́ta.

"Talaq!"

"Kí lẹ pè é?"

"Talaq!"

"Mi ò gbọ́."

"Mo ní talaq! Ó tán láàárín wa lónìí!"

Ìró ike tó já bọ́ ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ègé wàrà inú rẹ̀ ń yí kiri lórí símẹ́ńtì. Àlàájà Hajarat, ìyá Hadiyyah, ló dúró síbẹ̀, tó káwọ́ lérí.

"Subuhánà-lláhì! Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí kò ṣeé gbà padà! Kí lọmọ mi fi ṣe ọ́?"

"Màmá, eré la—"

"Wọn kì í fi ìyẹn ṣeré!"

Hadiyyah ti dojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni, àmọ́ ìyá rẹ̀ rò pé ẹkún ni. "Máa sun ún, ọmọ mi." Àlàájà wọ yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ọmọ rẹ̀.

Salman sáré lọ pe Àáfà Abdulmumini, aládùúgbò wọn tó kọ́ ọ ní kéwú. Àáfà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo pátákó náà dáadáa.

"Salman, kí ló wà lọ́kàn rẹ nígbà tí o sọ ọ́?"

"Máàkì ni, Àáfà."

"Mélòó?"

"Méjìlélógójì."

"Háà!" Àáfà kọjú sí yàrá tí Àlàájà wà. "Ẹni tó ń wá máàkì kò kọ ìyàwó. Yìgì wọn ò já. Àmọ́ ṣá, Salman, yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò kí ọkàn ìyá rẹ lè balẹ̀."

Ìgbà yìí gan-an ni ojú Salman wá dà bí ojú ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bóyá yóò gbà á sílẹ̀.

"Àáfà ti dájọ́," ni Hadiyyah wí, ó ń nu ojú.

Salman ṣa lẹ́tà rẹ̀, ó ronú, ó tò ó: QAT.

Àlàájà yọrí láti yàrá, àpótí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyẹn ńkọ́? Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ewé ni, Màmá. Wọ́n máa ń jẹ ẹ́ lẹ́nu ní Yẹ́mẹ̀nì."

"Ṣé ó ń pa èèyàn bí ọtí?"

Salman wo Àáfà. Àáfà ń wo òrùlé.

"Yọ ọ́!"

Àlàájà gbé àpótí kalẹ̀, ó jókòó lé e, kò sì dìde títí eré fi parí.