Ẹ Kà Á Láti Ìsàlẹ̀

Bí ẹ bá rí dókítà kan tó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀ pé òun ń kọjá, Jẹ́jẹ́ nìyẹn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ abẹ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ohùn rẹ̀ náà sì rọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn dókítà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ sókè rí nínú ìpàdé. Ìdí nìyẹn tí Alága fi rò pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ mú wá sí ìpàdé ọjọ́ Sátidé kan kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Alága ṣi èèyàn mú.

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni wọ́n tò sórí ìwé ètò ìpàdé. Ìkẹrin ni ẹ̀bẹ̀ tí Jẹ́jẹ́ kọ, pé kí wọ́n yí òfin kọkànlá padà. Ìkarùn-ún ni pé kí wọ́n pa fáìlì ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan dé, ẹni tó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí pé kò sí ẹlẹ́rìí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó! Bí ìkẹrin bá ṣubú, ìkarùn-ún yóò wọlé wẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ obìnrin náà yóò sì parí síbẹ̀ títí ayé.

Irọ́ sì ni pé kò sí ẹlẹ́rìí. Jẹ́jẹ́ wà níbẹ̀. Òun ló dúró ní òdìkejì tábìlì nígbà tí Bàbá ń ṣiṣẹ́ abẹ náà. Bàbá ni gbogbo wọn ń pe ọ̀gá àgbà oníṣẹ́ abẹ yìí. Òun ló kọ́ ìdajì ẹgbẹ́ níṣẹ́, òun ló sì dàgbà jù nínú wọn. Nínú iṣẹ́ wọn, kí wọ́n tó rán ikùn aláìsàn pa, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ka gbogbo gọ́ọ̀sì, ìyẹn aṣọ funfun pélébé tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, kó sì pe iye rẹ̀ sókè. Ogún ni wọ́n kó wọlé lọ́jọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì kà á, ó ní, "Mọ́kàndínlógún, sà." Bàbá ní kó tún un kà. Ó tún un kà, mọ́kàndínlógún náà ni. Bàbá ní òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí i, ó ní ó pé, ó gba abẹ́rẹ́, ó sì rán ikùn náà pa. Ọjọ́ kọkànlá lobìnrin náà kú.

Ohun tí òfin kọkànlá wí kò gùn: ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́rìí ta ko ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́sàn-án ló jókòó ṣe é nígbà tí ẹgbẹ́ ṣì kéré, wọ́n sì fi bo ara wọn láṣìírí dáadáa. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, nítorí náà wọn ò pè é. Àwọn dókítà tó kù nínú yàrá náà kéré sí Bàbá. Ta ni kò kéré sí Bàbá? Bí òfin yẹn ṣe wà, àfi tí òkú bá dìde, kò sẹ́ni tó lè wí nǹkan kan.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, ọkọ Jẹ́jẹ́ bá a níbi tó ti ń ka ìwé òfin ẹgbẹ́ nídìí tíì tó ti tutù.

"O ti kà á tán lẹ́ẹ̀mẹta," ọkọ rẹ̀ wí. "Ṣé wàá há a sórí ni?"

"Mò ń wá nǹkan kan tí kò sí níbẹ̀."

"Tí wọ́n bá lé ẹ kúrò ńkọ́?"

"Kí wọ́n lé mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ti tó gẹ́ẹ́."

Gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣe ìpàdé. Fáànù mẹ́rin ló wà lókè, méjì ló ń yí. Àwọn àgbà jókòó síwájú lórí àga tó ní tìmùtìmù, àwọn ọmọdé wà lẹ́yìn lórí àga oníke, àwọn kan nínú wọn ò tí ì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Àádọ́rùn-ún èèyàn ló wá. Kí òfin tó lè yí padà, ọgọ́ta gbọ́dọ̀ dìde.

Alága ka ẹ̀bẹ̀ náà bí ẹni tó ń ka ìwé tí wọ́n fi di ẹ̀pà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Jẹ́jẹ́ dìde. "Àkísà kọ́ la ń wá, sà. Gọ́ọ̀sì là ń wá."

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn, ó sì kú lójijì. Bàbá kò yíjú padà. Ojú Alága le koko.

"Akọ̀wé, ẹ pe orúkọ."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Ẹni tó bá gbà, á dìde. Ẹni tí kò bá gbà, á jókòó. Bàbá ni àkọ́kọ́. Tí Bàbá bá ti jókòó, ta ni yóò dìde lẹ́yìn rẹ̀, kó wá dà bí ẹni tó ń bá a jà? Èyí tí àgbà bá fẹ́ ló máa ń wọlé, gbogbo ayé á sì ní ìbò la dì.

"Ẹ dákun," Jẹ́jẹ́ wí, "ẹ kà á láti ìsàlẹ̀."

"Kí ni ìyẹn?" Alága béèrè.

"Kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó kéré jù."

"Bá a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyí!"

"Mo mọ̀, sà. Ojú ìwé wo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Akọ̀wé ṣí ìwé òfin. Ó ṣí i lọ, ó ṣí i bọ̀. "Kò sí níbí, sà." Alága ní kó tún un wò. Ó tún un wò. Kò sí níbẹ̀.

"Àbùkù ńlá ni!" Alága na ìka. "Ọmọ tó dé lánàá á wá máa ṣáájú Bàbá sọ̀rọ̀?"

"Ṣebí ọmọ tó dé lánàá ló ń ka gọ́ọ̀sì fún wa, sà. Tó bá kà á, ó yẹ ká gbọ́."

Ẹnìkan fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́yìn. Òmíràn náà kilẹ̀. Kó tó di pé Alága rí omi mu, gbogbo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ti ń pariwo pé kí wọ́n kà á láti ìsàlẹ̀. Akọ̀wé wo Alága, ó wo ìwé tí kò gbè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ láti ìsàlẹ̀.

Dókítà obìnrin kan tó gba ìwé ẹ̀rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Báàgì rẹ̀ já bọ́, gbogbo ẹrù inú rẹ̀ dà sílẹ̀. Kò ṣà á. Ó dìde dúró láàárín ẹrù rẹ̀. Ẹnì kejì dìde, ẹnì kẹta dìde. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Ẹnì kẹjọ tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀ bí ẹni pé wọn ò pè é. Ṣùgbọ́n àwọn tó dìde ń pọ̀ sí i, nígbà tí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ Jẹ́jẹ́, ó ti di mẹ́tàlélógójì. Ẹni tó wá ṣe ìkọgọ́ta, ẹ ò ní gbà gbọ́: àbúrò ìyàwó Bàbá ni.

"Ó tó!" Alága nu ojú. "Ó ti wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn àgbà tó kù sílẹ̀, ká bọ̀wọ̀ fún wọn."

"Rárá o, sà," Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ pe gbogbo wọn. Ẹ má fo ẹnikẹ́ni."

Wọ́n pè wọ́n. Mẹ́ta dìde nínú wọn. Bàbá ni wọ́n pè kẹ́yìn.

"Mi ò dìde," Bàbá wí. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Alága ní kí wọ́n lọ sinmi díẹ̀. Jẹ́jẹ́ ti ń bọ̀ wá síwájú. "Ìkarùn-ún ló kàn, sà." Nígbà tó dé iwájú Bàbá, ó tẹ̀ríba kí i, bó ṣe máa ń kí i láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi," Bàbá wí jẹ́ẹ́, "èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń mú abẹ."

"Ẹ̀yin ni, sà. Mi ò lè gbàgbé láé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun, nítorí ó fẹ́ràn bàbá náà. Síbẹ̀ ó gba maikirofóònù.

"Mo fẹ́ jẹ́rìí. Nọ́ọ̀sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́kàndínlógún ló pè lẹ́ẹ̀mejèèjì. Bàbá gbọ́. Èmi náà gbọ́."

"Ó ti yé wa," Alága wí. "Ẹ jókòó."

"Kò tí ì yé yín, sà. Nígbà tí Bàbá ń rán an, èmi ni mò ń gé òwú fún wọn. Mo mọ̀ pé ó ku ọ̀kan nínú obìnrin yẹn, mo sì ń gé òwú. Òfin kọkànlá ò sí nínú yàrá yẹn, kò sì sẹ́ni tó di ẹnu mi." Ó kọjú sí tábìlì. "Akọ̀wé, tẹ́ ẹ bá ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ̀bi, tèmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ."