Tẹ́ẹ́rẹ́ Tó Ṣẹ́kù

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Tẹ́ẹ́rẹ́ àti Rọ̀bọ̀tọ̀ fi ń sùn lé ara wọn lórí. Jábìlì ni wọ́n, eku kékeré aláwọ̀ iyanrìn, onírù gígùn, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń sìn nínú ilé. Ìyá kan náà ló bí wọn, lọ́jọ́ kan náà. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá tó ni wọ́n kì í lọ síléèwé láìdágbére fún wọn. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ṣúmẹ́kà, a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́:

"O kí eku, o ò kí bàbá ẹ. Kò burú. Èmi náà á lọ wá ìrù so mọ́dìí."

Bàbá yìí kò fẹ́ràn eku tẹ́lẹ̀ rí o. Àmọ́ ìyàwó rẹ̀ máa ń tètè jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, ọmọ á lọ síléèwé, á wá ku òun àti eku méjì nínú ilé kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, ojú mọjú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀. Ó tiẹ̀ máa ń bi wọ́n léèrè ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó gbọ́ òórùn díẹ̀ láti inú àpótí gíláàsì wọn, ó ní kí òun ran ọmọ òun lọ́wọ́. Ó mú Tẹ́ẹ́rẹ́ sínú korobá, ó mú Rọ̀bọ̀tọ̀ sínú páálí kan tó máa ń kó pólíṣì àti gọ́ọ̀mù bàtà sí. Ó da eérún igi àtijọ́ tí wọ́n ń sùn lé nù, ó fi ọṣẹ fọ àpótí náà títí ó fi ń dán, ó sá a sóòrùn. Ó ti di ìrọ̀lẹ́ kó tó dá àwọn méjèèjì padà. Wọ́n gbóòórùn ara wọn, oníkálukú wọn sì gba igun tirẹ̀ lọ. Bàbá rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Nígbà tí ọmọ dé tó rí bí ibẹ̀ ṣe mọ́ tónítóní, ó dì mọ́ ọn, inú bàbá sì dùn dé ẹ̀yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń mu tíì lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ igbe tín-ín-rín kan. Kí wọ́n tó débẹ̀, àwọn eku méjèèjì ti so kọ́ra bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n ń yí gbiri.

"Bàbá mi, ẹ gbà wọ́n o!"

Bàbá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, Tẹ́ẹ́rẹ́ sì bù ú ní àtàǹpàkò jẹ. Sálúbàtà ló wá fi là wọ́n, ṣùgbọ́n ọrùn Rọ̀bọ̀tọ̀ ti ya. Wọ́n gbé e débi dókítà ẹranko, kò pẹ́ lórí tábìlì tó fi dákẹ́.

Ọmọ wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń sunkún. Dókítà ń fi omi iyọ̀ nu etí Tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti là sí méjì, ó béèrè pé:

"Bàbá, ṣé nǹkan kan yí padà nínú ilé wọn?"

"Bíi kí ni?"

"Òórùn ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Bí òórùn ọ̀kan bá yí padà, àjèjì ló dà lójú èkejì. Kì í ṣe ìkà rárá."

Bàbá wo àtàǹpàkò rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Ó rántí páálí pólíṣì. Ó ki ọwọ́ náà bọ àpò.

"Ẹ má wá òmíràn tì í o," ni dókítà tún sọ. "Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ máa bá a ṣeré."

Ọmọ kọ̀ jálẹ̀. "Mi ò fẹ́ fojú kàn án. Ó pa ọmọ ìyá ẹ̀."

Bàbá ló wá di olùtọ́jú aláìsàn. Tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ ló ń fi òwú nu etí náà. Tẹ́ẹ́rẹ́ kì í walẹ̀ mọ́, kì í sáré, yóò kàn káwọ́ jókòó sígun kan. Nígbà tí àánú rẹ̀ pọ̀ jù, bàbá gbé àpótí náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e síbi tí fèrèsé ti ń fẹ́ atẹ́gùn, jìnnà sí gọ́ọ̀mù. Ó ń gé páálí mímọ́ fún un kó lè máa rún un bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń sọ fún un irú bàtà tí oníbàárà gbé wá àti bí ẹsẹ̀ onítọ̀hún ṣe tẹ̀ tó. Ní ọjọ́ karùn-ún, eku náà bu páálí jẹ. Bàbá fi òòlù sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Ṣé kí n máa kẹ́rù mi ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í nígbà tó gbọ́. "Ó jọ pé o ti gbé ìyàwó kékeré."

Nídìí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọ gbé orí sókè. "Bàbá mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ń kẹ́ ẹ? Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tó ṣe ni?"

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Èmi ni mo fà á." Ó wá rò ó fún un pátá: korobá, ọṣẹ, páálí pólíṣì, ohun tí dókítà sọ.

"Ọjọ́ kẹsàn-án rèé," ni ọmọ wí. "Ẹ sì ń wò mí tí mo ń bínú sí i?"

"Ojú ló ń tì mí. Má bínú, ọmọ mi."

Ọmọ dìde, ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó lọ síléèwé láàárọ̀ láìwo ojú bàbá rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá ń rán ìdí bàtà kan lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó kọjá lára rẹ̀ tààrà, ó lọ kúnlẹ̀ síbi fèrèsé. Ó na ọwọ́ sínú àpótí, ó sì ní sùúrù. Ó pẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ gbóòórùn ìka kan, ó gbóòórùn èkejì, ó wá gun àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Etí ẹ̀ ti ń jinná," ni ọmọ wí. "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń bínú sí yín o."

"O lẹ́tọ̀ọ́ sí i."

"Títí di Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ dáa," ni bàbá wí, ó sì yára tẹrí mọ́ bàtà ọwọ́ rẹ̀ kí ọmọ má baà rí ojú òun.

Ó lé lọ́dún kan tí Tẹ́ẹ́rẹ́ tún lò láyé. Etí rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ó sanra débi pé orúkọ rẹ̀ di ẹ̀fẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sán, ọmọ á wá ṣe iṣẹ́ iléèwé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, eku á sùn sínú apá súwẹ́tà rẹ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ gbóhùn sókè, bàbá á fi ìka lé ètè.