Gáàsì Tó Ń Jò Lẹ́yìn Màmá

Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Má-gbàgbé. Wọ́n ní bí o bá tẹ ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò bá dé, á ṣì ní kí o wá bẹ òun. Kì í bá wọn jiyàn. Ẹni tí wọn kò tẹ̀ lẹ́sẹ̀ rí ló lè máa fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń gbé Màmá rẹ̀ lọ sí ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, nítorí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹsẹ̀ Màmá á wú bí ìrọ̀rí. Gáàsì ni ọkọ̀ náà ń lò, bó tilẹ̀ ṣì lè fi bẹntiróòlù rìn, sílíńdà rẹ̀ sì wà nínú búùtù, gẹ́lẹ́ lẹ́yìn ìjókòó tí Màmá máa ń fẹ̀yìn tì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, wọn kò tíì kọjá kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Màmá fi fi gèlè bo imú.

"Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ yẹn tún ti dé o."

"Gọ́tà ni, Màmá."

"Gọ́tà wo ló ń bá èèyàn rìn láti ilé dé ọsibítù?"

Má-gbàgbé tẹjú mọ́ ọ̀nà. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Lójú tirẹ̀, òórùn kọ́ ni Màmá ń gbọ́, àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ń wá ọ̀nà àtidárúkọ.

Àbúrò yìí ló de sílíńdà náà mọ́ ọkọ̀. Òun nìkan ló ní ìwé àṣẹ láti yẹ sílíńdà wò ní gbogbo agbègbè wọn. Ó ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di ẹrù lé e, àti pé bí ọdún mẹ́ta bá pé, kí wọ́n mú un padà wá fún àyẹ̀wò. Kò pẹ́ sí i, ó bá àpò ẹja tútù tí omi ń kán lára rẹ̀ lórí sílíńdà, ó sì la ohùn mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣojú gbogbo awakọ̀: "Ẹni tí kò lè tọ́jú bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ta ló ní kó ra mọ́tò?" Àwọn awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi jókòó sílẹ̀. Ọmọ tó fi ẹ̀yìn pọ̀n! Láti ọjọ́ náà, Má-gbàgbé kò tún tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ mọ́.

Ọdún mẹ́ta pé, ó sì tún fi oṣù méje lé e. Nígbà tí páìpù gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó gbé ọkọ̀ lọ bá wẹ́dà kan tó ń jó irin létí títì, ẹni yẹn sì fi gbogbo agbára apá rẹ̀ fún nóòtì tó so páìpù mọ́ sílíńdà mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni gáàsì ti ń tètè tán. Èyí tó ń lò fún ọjọ́ méjì kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mọ́. Má-gbàgbé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n ń jí gáàsì òun ni. Ó bá ilé gáàsì àkọ́kọ́ jà, ó búra pé òun kò ní wọ ibẹ̀ mọ́ láyé. Ó bá èkejì náà jà. Ìkẹta ló yà sí láàárọ̀ yìí.

Obìnrin kan tó ń ta gáàsì níbẹ̀, tó wọ bàtà iṣẹ́ tó ní irin lójú, ló jáde sí i.

"Ẹ kú àárọ̀, ọ̀gá. Ẹ pa ọkọ̀. Kí gbogbo èèyàn bọ́ọ́lẹ̀."

"Ara ìyá mi kò yá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó."

"Ó tì o. Bó jẹ́ ọba ló wà níbẹ̀, á bọ́ọ́lẹ̀, á sì gbé adé rẹ̀ dání. Màmá, ẹ di èmi mú."

Ó rọra mú Màmá lọ sórí bẹ́ǹṣì tó wà lókèèrè. Nígbà tó padà, ó ṣí búùtù, ó fa imú lẹ́ẹ̀kan, kò sì fọwọ́ kan páìpù tí wọ́n fi ń rọ gáàsì rárá. Abọ́ omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ló gbé wá, ó sì fi ọṣẹ náà pa ọrùn sílíńdà.

"Ẹ fi gáàsì kún un fún mi ni mo wí, kẹ́ ẹ má sì jí i bíi tàwọn yòókù. N kò ní kẹ́ ẹ fọ mọ́tò."

"Ẹ wá wò ó."

Má-gbàgbé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́rùn sílíńdà, níbi tí nóòtì ti dì mọ́ páìpù, ìfófòó ń hó díẹ̀díẹ̀ bí ẹnu akàn. Ó ń bẹ́, ó tún ń hó.

"Gáàsì yín nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò jà yín lólè. Inú ọkọ̀ ló ń tú sí. Ó tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń gbóòórùn rẹ̀?"

Ó fẹ́ sọ pé òun kò gbóòórùn kankan. Ojú rẹ̀ kan Màmá lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n jókòó bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de ẹni tó máa wá mú un.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Obìnrin náà ti ẹnu sílíńdà pa. "Bẹntiróòlù ni kẹ́ ẹ fi dé ọsibítù. Ẹ sọ gbogbo fèrèsé kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ẹni tó fọwọ́ sí tákàdá àyẹ̀wò tó lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà yìí."

"Kò sí ẹlòmíràn?"

"Ó wà, ìrìn wákàtí mẹ́fà ni. Ṣé ẹ fẹ́ gbé e débẹ̀?"

Ìgbà tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ Màmá lọ́wọ́ ló wọ ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Búùtù ló nawọ́ sí. Àbúrò ṣí i. Ó tú sílíńdà sílẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì fi ìṣó họ ibi tí bẹ́líìtì irin ti dè é. Ìpẹtà ń já bọ́ bí èèpo igi. Omi ẹrù ti jókòó síbẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ wọnú.

"Nóòtì tó sán yẹn kéré nínú rẹ̀. Ẹ ṣì ń fi gáàsì kún nǹkan yìí?"

"Lójoojúmọ́."

"Ta ló ń jókòó síwájú rẹ̀?"

Má-gbàgbé wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bi yín."

"Màmá."

Àbúrò jókòó sórí táyà kan. Má-gbàgbé ti múra de ariwo àbúrò rẹ̀. Èsì ọdún mẹ́ta ló kún ẹnu rẹ̀. Àmọ́ ariwo kò wá.

"Mo mọ̀ pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá," ni àbúrò wí. "Ó wà nínú ìwé mi. Mo ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn wá."

Ó dìde, ó tú gáàsì tó ṣẹ́kù dànù síta, ó gbé ẹ̀rọ tó ń lu irin, ó sì dá ihò sí sílíńdà náà lára kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó mọ́. Àwọn méjèèjì dúró wò ó. Kò sẹ́ni tó bẹ ẹnì kejì.

Nígbà tó padà dé ọsibítù, Màmá ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, báńdéèjì wà lápá wọn.

"Màmá," ló wí, "òórùn yẹn. Èmi náà ń gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀ pé ò ń gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣì ń wọ ọkọ̀ náà?"

"Ẹsẹ̀ wo ni n bá fi rìn?"

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Màmá mi orí.

"Iwájú ni mo fẹ́ jókòó," ni wọ́n wí, "kí n lè máa wo ojú rẹ bó o ṣe ń wa ọkọ̀."