Fọ́tò Ìpàdé

Ọjọ́ Ajé ni Bàbá Ṣitọ́ọ̀ gun òkè wá bá mi, fóònù lọ́wọ́ kan, àpòòwé lọ́wọ́ kejì. Láti ìgbà tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílé iṣẹ́ wa, wọn ò wá sí yàrá mi rí. Ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n wà pẹ̀lú ẹrù. Ẹni tó bá nílò bébà tàbí yíǹkì á lọ fún wọn níwèé, wọ́n á gbé e fún un, ó parí.

“Dókítà Kọ̀ǹpútà,” wọ́n ní, “wá bá mi yọ ìpàdé yìí kúrò nínú fóònù. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bó bá ti di aago méjì, á máa ké bí ọmọ tuntun.”

“Ẹ ò fẹ́ lọ sípàdé mọ́ ni, Bàbá?”

“Àwọn yòókù ni wọn ò wá. Oṣù márùn-ún nìyí tí mo ti ń dá jókòó sí yàrá òkè. Màá tanná, màá ka àga: mẹ́jọ. Tó bá di ogún ìṣẹ́jú, màá paná, màá sọ̀kalẹ̀.” Wọ́n fi àpòòwé náà lu orókún. “Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tèmi ti dénú, ó ti di odindi. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi rèé. Ọjọ́ Ẹtì ni màá fi lé ọ̀gá lọ́wọ́.”

Mo gba fóònù náà. N kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kankan. Títú ni mo fi kọ́ ọ: màá tú u, màá tò ó, bí ìṣó kan bá ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, màá tún un tú. Ohun tí mo sì ti mọ̀ nípa ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ inú kàlẹ́ńdà kọ̀ǹpútà ni pé ẹyọ kan ṣoṣo ni, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sin sórí okùn. Ẹni tó pe ìpàdé ló di orí okùn mú. Ibi tó bá fà á sí, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ á tẹ̀ lé e. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mi. Kì í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wà níbẹ̀. Ọjọ́rú ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. Akọ̀wé tó ń pe ìpàdé ti yí i padà láti oṣù márùn-ún.

“Bàbá, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ fóònù?”

“Nígbà tí ti àtijọ́ já sómi, ó ti tó oṣù mẹ́fà. Ọ̀gbẹ́ni kan ládùúgbò wa ló kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú èyí.”

Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. “Fọ́tò ìpàdé ló kó fún yín, kì í ṣe ìpàdé gan-an! Bí ẹnìkan bá kó lọ sílé mìíràn, ṣé fọ́tò rẹ̀ tó wà lára ògiri yín á mọ̀? Wọn ò sá fún yín, Bàbá. Ọjọ́rú ni wọ́n ń ṣe é, nínú yàrá kan náà. Ẹ̀rọ ló jẹ̀bi!”

Mo ń retí ẹ̀rín. Wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n fìka sí iwájú orúkọ ara wọn. “Kí ni àmì aláwọ̀ ewé yìí?”

“Pé ẹ ti gbà láti wá.”

“Ta ló bá mi gbà?”

Mo pe akọ̀wé lórí fóònù, mo bi í. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá kan. “Èmi ni o! Ta ni yóò máa bẹ àwọn àgbàlagbà kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì? Mo bá gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́. Kí ló dé?”

“Bàbá Ṣitọ́ọ̀ ò wá láti oṣù márùn-ún.”

“Ṣé lóòótọ́? Mo rò pé ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí.”

Mo yára pa fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

“Mo gbà pé ẹ̀rọ jẹ̀bi,” ni Bàbá wí. “Ìpàdé bí ogún. Èèyàn méje. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá mo kú.”

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ lọ́jọ́rú ná. Wọ́n ṣe é nítorí tèmi. Mo pa fọ́tò náà rẹ́, mo so fóònù wọn mọ́ okùn gidi. Nígbà tó dọjọ́ náà, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ṣe bí ẹni ń yẹ wáyà wò. Wọ́n jáde, Bàbá ló kẹ́yìn.

“Báwo ni?”

“Wọ́n ní bébà ń tètè tán. Mo ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Ṣé wọ́n béèrè ibi tẹ́ ẹ ti wà?”

“Ọ̀kan ní kí n bá òun ti fèrèsé.” Wọ́n gbá mi léjìká. “Iṣẹ́ rẹ dára, Dókítà. Aago mẹ́wàá géérégé ló ké.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìwé náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni mo máa ń yọ orúkọ rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà. Ẹ̀rọ á béèrè pé ṣé kí òun fi tó àwọn yòókù létí. Rárá ni mo máa ń tẹ̀, kó má baà dà wọ́n láàmú. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Títí di ìrọ̀lẹ́, èsì kan ṣoṣo ló wọlé: ọ̀gá àwọn awakọ̀ ń béèrè bóyá a lè wá lo yàrá tó kéré báyìí.

Mo sọ̀kalẹ̀. Bàbá ń ka ìgbálẹ̀ sílẹ̀ de ẹni tí yóò gbapò wọn.

“Kí lo fẹ́ gbà?” wọ́n béèrè, láìwo ẹ̀yìn.

“N ò wá gba nǹkan kan. Bàbá, èmi náà ò béèrè yín rí.”

“Ìwọ ò sí nínú ìpàdé,” wọ́n ní. “Méjìdínlógún. Bá mi di èyí mú.”